Fèrè mẹ́fà tí kò lójú àpá

Àwọn àgbà ní ojú àpá ò lè jọ ojú ara mọ́. Àgbà kì í purọ́, àmọ́ àwọn àgbà tó sọ ọ́ ò tíì gbé fèrè tó fọ́ lọ bá ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Kòsápàá. Kí fèrè idẹ rẹ já bọ́ látorí àtẹ̀gùn, kí mọ́tò gun ẹnu rẹ̀ kó pẹlẹbẹ bí bàtà, ṣáà gbé e fún Kòsápàá kó o padà wá lọ́jọ́ kẹrin. Wàá fọwọ́ pa á títí, wàá gbé e sínú oòrùn, wàá yí i síbí, wàá yí i sọ́hùn-ún, o ò ní rí ibi tó ti jìn rí. Ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Ìyàwó rẹ̀ ní orúkọ yẹn ló tan òun wọlé ọkọ, òun rò pé ẹni tí kì í dá àpá síni lára lòun ń fẹ́.

Kò kọ́ iṣẹ́ náà lójú bọ̀rọ̀. Arúgbó kan ló kọ́ ọ, arúgbó tí ìka rẹ̀ méjì ò ká mọ́ nítorí iná gáàsì. Arúgbó yẹn ní ìwà kan. Iṣẹ́ yòówù kó ṣe, tó bá ti parí, á mú ìṣó tín-ín-rín kan, á fi ha ilà mẹ́ta kéékèèké sínú ẹnu fèrè náà lọ́hùn-ún, níbi tí ojú ò lè dé àfi kéèyàn fi tọ́ọ̀ṣì yọjú. Á ní, "Kí n lè mọ ọmọ mi lọ́jà." Kòsápàá ò ṣe é rí. Ó ní iṣẹ́ tó dáa kì í pariwo. Ó ní ta ló máa ń ránṣọ fúnni táá tún wá kọ orúkọ ara rẹ̀ síni nídìí.

Ọ̀gá rẹ̀ wò ó lọ́jọ́ náà, ó ní, "Ìgbéraga àwọn ẹlòmíì máa ń gbé orí sókè ni, a máa ń rí i, a máa ń yà fún un. Tìẹ forí balẹ̀. Ìyẹn ló fi burú."

Kòsápàá rẹ́rìn-ín. Nígbà tí arúgbó náà kú, ìṣó yẹn wà lára ohun tó fi sílẹ̀ fún un. Kòsápàá jù ú sínú agolo pẹ̀lú àwọn ìdè àti bọ́tìnnì àlòkù, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sì kọjá lórí ẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò ju yàrá kan lọ, ó wà láàárín ẹni tó ń ran bàtà àti ẹni tó ń gẹ́ kọ́kọ́rọ́. Tó o bá wọlé, òórùn gáàsì àti ti ásíìdì tó fi ń fọ idẹ ló máa kọ́kọ́ gbá ọ nímú. Ìyàwó rẹ̀ kì í débẹ̀ nítorí ẹ̀, ó ní orí máa ń fọ́ òun bíi pé wọ́n ń dán òun náà. Àwọn ọ̀pá irin wà lára ògiri, gbogbo wọn lórí rogodo, látorí èyí tó tó ẹyin àparò títí dé èyí tó tó ìkúùkù. Á ti ọ̀kan bọ inú ikùn fèrè, á fi ọwọ́ kejì wá kòtò náà láti ìta, á wá máa rọra tì í, bí ẹni ń tu ọmọ ìkókó tí inú ń run, títí idẹ á fi rántí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa gbé e sójú ẹ̀rọ oníbúrọ́ọ̀ṣì tó ń yí, á dán an débi tí wàá fi lè fá irùngbọ̀n lójú ẹ̀.

Kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀, kì í ya fọ́tò. Gbogbo kòtò tó ti yọ láyé ẹ̀, orí rẹ̀ ló wà. Òfin kan ṣoṣo ló ní: olóhun ò gbọdọ̀ wo ohun rẹ̀ títí yóò fi parí. Aṣọ funfun ló máa ń fi bò wọ́n lórí tábìlì. Tó o bá fẹ́ ṣí i wò, á ní, "Ṣé o máa ń yọjú wo dókítà tó bá ń la ìyá ẹ níkùn?"

Fèrè mẹ́fà tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé, ti ẹgbẹ́ afunfèrè fàkítọ̀rì aṣọ ni. Fàkítọ̀rì yẹn ti kú, ó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti ti géètì rẹ̀ pa. Wọ́n ta ẹ̀rọ, wọ́n ta páànù orí ilé, wọ́n ta àga tí ọ̀gá àgbà fi ń jókòó. Owó tí àwọn òṣìṣẹ́ ń retí, wọ́n ṣì ń retí ẹ̀. Fèrè mẹ́fà yìí nìkan ni kò sẹ́ni tó rántí kọ mọ́ ohun títà, àwọn tó ń fọn ọ́n sì gbé e relé lábẹ́ apá. Àtìgbà náà, ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà máa ń pàdé níwájú géètì tó ti dípẹtà yẹn, wọ́n á máa fọn fèrè fún un. Olórí wọn ni obìnrin kan tó máa ń kọ àkókò tí òṣìṣẹ́ dé sílẹ̀ nígbà náà lọ́hùn-ún. Alága ni gbogbo èèyàn ń pè é, bẹ́ẹ̀ èèyàn márùn-ún péré ló ń ṣe alága lé lórí.

Ẹni tó ń fọn èyí tó tóbi jù, tí wọ́n ń gbé sórí itan bí ọmọ, bàbá ìyàwó Kòsápàá ni. Yàrá ẹ̀yìn lọ́dọ̀ wọn ló ń gbé látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Etí ọ̀tún rẹ̀ ti di, ariwo ẹ̀rọ ìhunṣọ ló jẹ ẹ́. Kòtò kan wà níkùn fèrè bàbá, ẹyin adìyẹ lè jókòó síbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ti fàkítọ̀rì pa, bàbá fi ìbínú gbé fèrè náà lu òpó géètì, lẹ́ẹ̀kan péré. Tí wọ́n bá bi í pé kí ló dé tí ò jẹ́ kí ọkọ ọmọ rẹ̀ tún un ṣe, á ti àtàǹpàkò bọ inú kòtò náà, á ní, "Owó ìfẹ̀yìntì mi nìyí. Ṣé ẹ fẹ́ gba ìyẹn náà ni?" Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín. Kòsápàá náà á rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé bàbá ò ṣàwàdà.

Ìwé wá dé pé kí wọ́n wá fọn fèrè níbi ìdíje kan. Irú ẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ wọn rí. Alága kó fèrè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó tò wọ́n sórí tábìlì, ó ní, "Kòsápàá, bá wa ṣe é débi tí ojú ò fi ní tì wá láàárín ọmọ èèyàn."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ló fi ṣe é. Ó yọ wáyà tí Alága fi so páìpù tiẹ̀, ó fi òjé lẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ. Ó pààrọ̀ sípíríǹgì bọ́tìnnì tó máa ń há. Ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó tò ó padà, ó dán an, ó tún un dán. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára wọn, tó ti ń pa rẹ́ lọ tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ lá a mọ́lẹ̀ pátápátá. Ti bàbá ló ṣe kẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ pé kó fọwọ́ kan kòtò yẹn. Ó rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé kí ni òun tíì fún bàbá yìí látìgbà tí òun ti gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi tì í. Nígbà tó parí, ó fi àtàǹpàkò wá ibi tí owó ìfẹ̀yìntì bàbá wà, kò rí i mọ́, inú ẹ̀ dùn débi pé ó ń dá sọ̀rọ̀. Ó fi aṣọ funfun bò wọ́n, ó fi àgádágodo sílẹ̀kùn, ó lọ sílé. Kò sí ojú kan láyé yìí, yàtọ̀ sí tiẹ̀, tó rí wọn bí wọ́n ṣe dáa tó.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Jímọ̀, òun, Alága àti bàbá ìyàwó ẹ̀ ni wọ́n jọ rìn dé ṣọ́ọ̀bù láti wá wò ó. Wọ́n ti gé àgádágodo. Aṣọ mẹ́fà ló wà nílẹ̀ gátagàta. Orí tábìlì mọ́ tónítóní.

Bàbá bèèrè pé, "Àti tèmi?"



Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹni tó ń kọ̀wé ní ọ̀fìnkìn, ó sì ti fi okùn so bírò rẹ̀ mọ́ tábìlì kí wọ́n má baà jí i, nínú àgọ́ ọlọ́pàá o. Ó ní kí wọ́n júwe ohun tó sọnù. Alága ní tòun, ẹnu rẹ̀ ya lápá òsì, wáyà ló di páìpù rẹ̀ mú. Ó sọ ti àwọn yòókù tẹ̀ lé e, èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ ń há, èyí tó ní ilà híha bí ti èékánná ológbò. Ó tiẹ̀ mú fọ́tò ẹgbẹ́ jáde nínú báàgì, gbogbo àléébù náà hàn kedere. Ọlọ́pàá kọ ọ́, ó gba fọ́tò.

Bàbá ní, "Tèmi ní kòtò níkùn. Ẹyin adìyẹ lè jókòó síbẹ̀."

Kòsápàá wà lẹ́yìn wọn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kòtò yẹn ò sí mọ́."

Bàbá yí etí òsì sí i. "Kí ló wí?"

"Mo ti yọ ọ́, Bàbá. Mo fẹ́ fi ṣe yín ní kàyéfì ni."

"Ta ló ní kó o yọ ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n yọ ọ́, Bàbá."

Bàbá wá àga, ó jókòó. Ọlọ́pàá fọn imú, ó ní, "Àwọn tó kù ńkọ́?"

"Gbogbo ohun tí Ìyá Alága sọ yẹn ni mo ti tún ṣe. Kò sí ìkankan níbẹ̀ mọ́."

"Kí ni kí n wá kọ?"

Kòsápàá ronú. "Ẹ kọ pé wọ́n ń dán."

"Ọ̀gá, gbogbo ohun tó wà lọ́jà ló ń dán." Bó ṣe kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ló fi í sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde, Alága rìn sún mọ́ ọn. Kò pariwo. Ó ní, "Mi ò pè ọ́ lólè o. Mò ń rò ó lásán ni. O ní ká má yọjú, a ò yọjú. Ta ló wá rí i pé o tún un ṣe?"

Àtọjọ́ náà ni bàbá ò ti bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Inú ilé kan náà ni wọ́n wà, orí tábìlì kan náà ni wọ́n ti ń jẹun, ojú ń wo ojú. Bàbá á ní, "Ọmọ mi, bá mi sọ fún ọkọ ẹ pé iyọ̀ wà níwájú rẹ̀." Ìyàwó á yíjú, á ní, "Ẹ gbọ́, wọ́n ní iyọ̀." Kòsápàá á na iyọ̀ sí ìyàwó, ìyàwó á na iyọ̀ sí bàbá. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó sú obìnrin náà, ó ní, "Ṣé èmi wá di wáyà tẹlifóònù nínú ilé yìí ni?" Àwọn méjèèjì tẹjú mọ́ abọ́.

Kòsápàá ti ṣọ́ọ̀bù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn kiri. Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù ni àwọn tó ń ra irin àlòkù, torí pé àwọn yẹn kì í bi idẹ pé ta ló bí i, iná ni wọ́n ń jù ú sí. Ó lọ bá wọn ní àgbàlá wọn. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ tú òkìtì idẹ tó ga dé àyà rẹ̀, ẹ̀rọ omi, ọwọ́ ilẹ̀kùn, páìpù, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì àtijọ́, ó tú u títí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde lábẹ́ èékánná rẹ̀. Kò rí i. Inú ẹ̀ dùn, inú ẹ̀ bàjẹ́. Ó lọ sí ọjà àlòkù, ó lọ sílé àwọn tó ń fọn fèrè níbi ìnáwó, ó ń bi wọ́n léèrè. Àwọn kan dá a lóhùn dáadáa. Ẹnì kan ní, "Ẹ̀yin kọ́ ni ẹ kó o ni?" Ó kí ẹni yẹn pé ó dàárọ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kejìlá, ó sọdá afárá. Ṣọ́ọ̀bù ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń ta ohun àlòkù, fíríìjì, kẹ̀kẹ́, ẹ̀rọ ìránṣọ. Oòrùn wọ inú gíláàsì iwájú rẹ̀, ohun kan kọ mànà padà sí Kòsápàá lójú. Ó dúró. Mẹ́fà. Wọ́n tò wọ́n látorí kékeré dé ńlá, bí àwọn ọmọ ìyá kan náà tó fẹ́ ya fọ́tò. Ó di òpó iná mú.

Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà jẹ́ ọkùnrin ẹlẹ́rìn-ín tó wọ gíláàsì ojú. Ó ní, "Ọ̀gá mi, ojú yín mọ ọjà. Tuntun ni wọ́n o."

"Tuntun kọ́. Èmi ni mo tún wọn ṣe. Wọ́n jí wọn kó lọ́dọ̀ mi ni."

Alálòkù yìí ò bínú. Ó ní ẹnì kan tó ní òun ti ṣọ́ọ̀bù òun pa ló tà á fún òun, ìwé rẹ̀ nìyí, ó ní irú fèrè yìí pọ̀ bí ẹ̀wà, gbogbo fàkítọ̀rì ayé àtijọ́ ló rà á. Ó gbé èyí tó tóbi jù wá. "Ẹ fi ibi tí ẹ ti tún un ṣe hàn mí."

Kòsápàá na ìka sí ikùn rẹ̀. "Ibí yìí."

Alálòkù gbé e lọ síbi ìmọ́lẹ̀, ó nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó tún wò ó. "Mi ò rí nǹkan kan."

"Iṣẹ́ náà gan-an nìyẹn."

Alálòkù rẹ́rìn-ín, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó wò ó bí ẹni wo ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Ó ní, "Ọ̀gá mi, tó bá jẹ́ pé ibi tí nǹkan kan ò sí lẹ fi ń mọ ohun yín, gbogbo ṣọ́ọ̀bù yìí ti di tiyín nìyẹn."

Òun náà ló ní kí wọ́n jẹ́ kí ọlọ́pàá dá a. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ọkàn Kòsápàá náà balẹ̀, ẹ wo ayé. Ó sáré dé ilé, ó ní, "Ìyàwó, mo ti rí wọn." Fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ tí nǹkan ti bàjẹ́, bàbá gbójú sókè wò ó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó jáde nílé, ìyàwó mú bàbá rẹ̀ lọ sí kọ̀rọ̀. "Bàbá, ohunkóhun tí wọ́n bá gbé síwájú yín, ẹ ṣáà ní tiyín ni. Ẹ jọ̀ọ́. Orúkọ ọkọ mi ló wà níbẹ̀."

"Tó bá jẹ́ tèmi, màá sọ pé tèmi ni."

"Tí ẹ ò bá dá a mọ̀ ńkọ́?"

"Ìwọ, ṣé o lè má dá ọmọ ẹ mọ̀?"

Wọ́n to fèrè mẹ́fà sórí tábìlì gígùn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá ọlọ́fìnkìn tẹ́ fọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ní ẹni tó bá sọ pé ohun kan jẹ́ tòun, á búra lé e, á fọwọ́ síwèé. Alága ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Ó gbé èyí tó yẹ kó jẹ́ tiẹ̀, ó fọwọ́ tọ ẹnu rẹ̀ yí ká, ó wo fọ́tò, ó tún wo fèrè. Ó wá a bí ẹni tó fẹ́ rí i ní tòótọ́. Ó gbé e sílẹ̀. "Ó jọ ọ́. Mi ò lè búra." Àwọn mẹ́rin tó tẹ̀ lé e náà ò lè búra. Ẹnì kan tẹ bọ́tìnnì títí pé bóyá á há díẹ̀. Kò há.

Ó wá ku bàbá. Ó jókòó, wọ́n gbé fèrè ńlá náà lé e nítan. Àtàǹpàkò rẹ̀ lọ tààrà síbi tó ti ń lọ láti ogún ọdún, ó yọ̀ lórí idẹ bí ẹni tẹ ilẹ̀ tútù. Ó tún un gbé lọ síbẹ̀. Ó tún yọ̀. Ó fi ètè sí i, ó fọn ọ́n. Ohùn tó jáde mú kí àwọn tó ń kọ̀wé nínú yàrá kejì dáwọ́ dúró. Ó dáa ju gbogbo ohun tí bàbá ti fọn rí. Kòsápàá di ojú, ó gbọ́ ọ bí ẹni gbọ́ ìdájọ́ òdodo.

Bàbá gbé e kúrò lẹ́nu. "Kì í ṣe tèmi."

"Bàbá," ni ọmọ rẹ̀ wí.

"Tèmi ò gbọ́rọ̀ sí mi lẹ́nu báyìí rí. Tèmi, à ń jà ni. Èyí, ohun olóhun ni."

Kòsápàá bọ́ síwájú tábìlì. Ó ní, "Ẹ fún mi ní òòlù."

Ọlọ́pàá ní, "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Màá dá a padà. Mo mọ ibi tó wà. Mo mọ bó ṣe jìn tó, mo mọ bó ṣe tẹ̀ lápá kan bí etí ife. Ti Alága náà, mo lè ya ẹnu rẹ̀ padà bó ṣe ya. Gbogbo wọn ló wà lórí mi. Ẹ fún mi ní òòlù kí ẹ gbé fọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, tí kò bá bára mu, kí ẹ tì mí mọ́lé."

Alálòkù fà sẹ́yìn pẹ̀lú fèrè méjì lọ́wọ́. "Ẹ má jẹ́ kó lu ọjà mi o."

Ọlọ́pàá wò ó pẹ́. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ rò ó wò. Ẹni tó bá lè fi kòtò síbi tó wù ú, fèrè ta ni ò ní lè sọ di tiẹ̀?"

 Kòsápàá na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sójú ara rẹ̀, ó ń wò wọ́n. Alága ní, "Kòsápàá, tó bá jẹ́ pé ohun wa ti sọnù lọ́wọ́ ẹ, sọ pé ó sọnù. Má fi ohun olóhun di ihò." Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n gbé kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣáájú rẹ̀ dé àdúgbò. Alálòkù kó fèrè mẹ́fà sínú mọ́tò, ó fi aṣọ bò wọ́n kí wọ́n má baà ha ara wọn.

Ìdíje kọjá, wọn ò lọ. Sátidé dé, géètì fàkítọ̀rì dá wà. Bàbá máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, á gbé ọwọ́ méjèèjì sórí itan bí ìyá tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àtàǹpàkò á máa tẹ àtẹ́lẹwọ́ kejì. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá Kòsápàá sọ̀rọ̀, ìyẹn ló burú jù. Á ní, "Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá." Ẹni tó ń pè é ní ọmọ mi tẹ́lẹ̀.

Iṣẹ́ dínkù. Àwọn tó kù tó ń wá á, wọ́n á ní, "Tún un ṣe, àmọ́ má tún un ṣe jù. Ṣẹ́ díẹ̀ kù kí n lè mọ̀ ọ́n." Ẹni tó ń gẹ́ kọ́kọ́rọ́ máa ń fi ṣe ẹ̀rín, á ní kó má bá òun tún bàtà òun ṣe, kí ìyàwó òun má baà lé òun síta pé ọkọ ta nìyí. Kòsápàá á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò dé ọ̀fun.

Oṣù kẹrin lẹ́yìn ìyẹn, obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọléèwé lórin wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ohun ńlá kan nínú aṣọ ìnura. Ó ní ó já bọ́ látinú mọ́tò òun. Ó ní ọ̀dọ̀ Alálòkù tó wà lódìkejì afárá lòun ti rà á. "Àwọn ló júwe yín. Wọ́n ní ẹ máa ń tún un ṣe débi téèyàn ò ní mọ̀ pé ó bàjẹ́ rí."

Ó ṣí aṣọ. Kòsápàá ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ikùn rẹ̀ ló jìn, ìka mẹ́ta péré síbi tí kòtò bàbá wà tẹ́lẹ̀.

Ó ní kó padà wá lọ́jọ́ kẹrin. Nígbà tí obìnrin náà lọ, ó ti ilẹ̀kùn, ó ránṣẹ́ pe ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dé, ó fi ìborùn bo imú. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò wo abẹ́ aṣọ funfun yẹn rí. Ọkọ rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i. Ìyàwó wò ó, ó fi àtàǹpàkò sínú kòtò náà.

"Ṣé òun ni?"

"Òun ni. Ibí kọ́ ni ti bàbá wà, àmọ́ òun ni."

"Ẹ gbé e fún wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Wọn ò ní mọ̀ pé ó sún."

"Obìnrin yẹn ti ra nǹkan ẹ̀. Ṣé kí n jí i?"

"Ta ló jí ti àkọ́kọ́?"

"Kì í ṣe òun."

Ìyàwó rẹ̀ fi aṣọ bo fèrè náà padà, ó ń tẹ́ ẹ létí létí bí ẹni tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Mo fẹ́ ẹ̀yin tí ẹ ò lè jalè, mo bí bàbá tí ò lè purọ́." Ó tún un rò. "Rárá, bàbá ló bí mi. Ẹ ò rí i, orí mi ti dàrú." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìborùn rẹ̀, ó lọ dáná.

Ọjọ́ kẹta, Kòsápàá yọ kòtò náà. Nígbà tó parí, ó tú agolo ìdè sórí tábìlì, ó wá ìṣó ọ̀gá rẹ̀ títí ó fi rí i. Ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó ti apá bọ ẹnu fèrè náà títí dé ìgúnpá. Ó gbọ́ tí ìṣó kan idẹ, kín. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Ta ló fẹ́ fi àmì náà hàn? Ìgbà wo ni ẹni náà máa dé? Ó fa apá yọ, ó dá ìṣó padà sínú agolo.

Obìnrin olórin dé lọ́jọ́ kẹrin. Ó gbé fèrè náà jáde sínú oòrùn, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó fọwọ́ pa ikùn rẹ̀ lọ, ó fọwọ́ pa á bọ̀, ẹnu ń yà á.

"Ọ̀gá, ibo gan-an ló ti jìn?"

Kòsápàá ń nu ọwọ́ rẹ̀ nínú àkísà.

"Mi ò rántí mọ́," ló sọ.